Ọjọ́ Mẹ́sàn-án Tí Mo Lò Lọ́dọ̀ Àwọn Sístà

Abúlé Akínnítirẹ̀,
Ọ̀nà Ìsẹ́yìn.
Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun.

Gàfárù ọmọ mi,

Kí lẹ́tà yìí bá ọ lórí ìdúró, kí ó má bá ọ lórí àìsàn. Mo kí ọ, mo kí Salimat ìyàwó rẹ, mo kí Alameen ọmọ-ọmọ mi tí n kò tíì fojú kàn. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹ rí ìjà Èkó. Ìsọ̀ tí o ti ń ta aṣọ ní Aswani, ẹsẹ̀ oníbàárà kò ní dá níbẹ̀. Àwa náà wà nílé, bí a ṣe ń sùn la ń jí, a dúpẹ́. Òjò ń rọ̀ dáadáa, àgbàdo ti yọ irùkẹ̀rẹ̀, ewúrẹ́ dúdú bí ìbejì ṣùgbọ́n ọ̀kan kú. Ìjì ṣí páànù méjì lórí yàrá tí o máa ń sùn tẹ́lẹ̀, mo ti fi òkúta tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Mo pè ọ́ lórí fóònù tó ìgbà mẹ́wàá. Orin ni mò ń gbọ́. Nígbà àkọ́kọ́, mo rò pé o wà níbi tí wọ́n ti ń kọrin ni, mo bá dákẹ́, mo fara balẹ̀ títí olórin náà fi kọ ọ́ dé ibi tó fẹ́ kọ ọ́ dé, kí n má baà já lu orin olórin. Bó ṣe tán ni obìnrin kan bọ́ síbẹ̀ tó ń sọ Òyìnbó. Mo rò pé Salimat ni, mo ní ó kú iṣẹ́ ilé, mo ní ṣé Alameen ti ń rìn, kò dá mi lóhùn, Òyìnbó kan náà ló tún ń sọ. N kò bínú sí i. Mo mọ̀ pé ìyàwó tó bá kàwé a máa tijú baba ọkọ.

Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sínú ìwé. Tíṣà Adéjùmọ̀, ọ̀gá ilé ìwé wa, ni mo fi í rán, ó ń bọ̀ wá kí àwọn ọmọ rẹ̀ ní Èjìgbò ti Èkó, ó ní òun yóò mú un dé ìsọ̀ rẹ fúnra òun. Jọ̀ọ́, kà á tán kí o tó ká a padà.

Gàfárù, Fàósátù àbúrò rẹ ti kú. N kò mọ ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà sọ ọ́. Jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí o lè mọ ibi tí tèmi wà níbẹ̀, kí o sì mọ ibi tí tìrẹ wà.

O rántí ọdún tí o fẹ́ wọ ilé ìwé gíga, tí owó ọwọ́ mi kò tó ènìyàn méjì. Fàósátù mọ̀wé jù ọ́ lọ, má bínú, Tíṣà ló sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ lọkùnrin. Ìwọ ni mo rán lọ sílé ìwé, òun ni mo fà lé Ìyá Ọmọ́lẹ́wà lọ́wọ́, obìnrin tó ń ta ike ní Èjìgbò, tó ní òun yóò máa jẹ́ kó lọ síléèwé ìrọ̀lẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni. Nígbà tí wọ́n ń lọ, ó bèèrè lọ́wọ́ mi pé ṣé kí òun kó ìwé òun dání, mo ní wọ́n á ra tuntun fún un lọ́hùn-ún.

Wọn kò ra nǹkan kan. Ìyá Ọmọ́lẹ́wà lò ó fún ọdún mẹ́ta, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́, ó ní kó máa lọ sílé, ó sì ṣí ilẹ̀kùn fún un. Kò tilẹ̀ sìn ín dé ibi tó ti máa wọkọ̀. Gbogbo èyí ni n kò mọ̀ títí di oṣù tó kọjá. Ohun tí ìwọ sọ fún wa nígbà tí o wá ṣọdún ni pé ó ti lọ sí Kútọnu, pé ó ń ṣòwò, pé ara rẹ̀ le. Ìyá rẹ kò jẹ́ kí ìrun kan kọjá láìṣe àdúà fún un ní Kútọnu. Mo ń bi ara mi bóyá Ọlọ́run á ti bá wa darí àdúà náà gba Òṣòdì, nítorí pé Òṣòdì ni ọmọ wà.

Lóṣù tó kọjá náà ni Tíṣà gbé lẹ́tà kan wá bá mi lóko. Ilé ìwé ni wọ́n kọ ọ́ sí, nítorí Fàósátù ní ibẹ̀ nìkan ló dá òun lójú pé lẹ́tà lè dé. Àwọn tó kọ ọ́ ń pe ara wọn ní sístà. Wọ́n ní Fàósátù wà lọ́dọ̀ àwọn ní Ìsọlọ̀, kò gbádùn rárá, ó ń bèèrè bàbá rẹ̀. Mo bi Tíṣà pé àwọn wo ni sístà Fàósátù tí èmi tí mo bí i kò mọ̀. Ó ní kì í ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àwọn obìnrin ìjọ Àgùdà ni, tí wọn kì í lọ́kọ, tí wọ́n máa ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ. Mo wọkọ̀ lọ́jọ́ kejì, Ọjọ́rú. Mo sọ fún ìyá rẹ pé Fàósátù ti ti Kútọnu dé, mò ń lọ wò ó.

Obìnrin tó ṣí géètì fún mi ní Sístà Albert ni orúkọ òun. Mo ní kó tún un sọ. Obìnrin ni o, Gàfárù, ó wọ aṣọ tó bo ẹsẹ̀, ó fi ìborùn bo irun bí ẹlẹ́hà tí kò bo ojú, ará Ìjẹ̀bú ni, Yorùbá rẹ̀ sì já geere. Mo ní ta ló sọ ọmọbìnrin ní Albert. Ó ní orúkọ ẹni mímọ́ kan ni. Mẹ́jọ ni wọ́n nínú ilé náà. Ọ̀gá wọn, Mọ́dà ni wọ́n ń pè é, kò sì tíì tó ọjọ́ orí àbúrò mi tó kéré jù. Òrùka ìgbéyàwó wà lọ́wọ́ gbogbo wọn, mo wá bèèrè baálé ilé kí n lè kí i bó ṣe yẹ kí àlejò ṣe. Sístà Albert ní Jésù ni ọkọ àwọn. Mo ní gbogbo yín, ó ní gbogbo àwa. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò fún ọjọ́ bíi mẹ́ta, nítorí èmi tí mo fẹ́ méjì péré, o mọ ohun tí ojú wa rí nínú ilé yìí kí ìyàwó kejì tó kó ẹrù rẹ̀ jáde. Àwọn mẹ́jọ yìí, ìkòkò kan náà ni wọ́n ti ń jẹun, n kò sì gbọ́ ariwo.

Iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Yàrá gbọọrọ kan wà tí ẹ̀rọ ìránṣọ tò sí bí ìgbà tí ènìyàn tò fún ìrun, àwọn ọmọbìnrin jókòó tì wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n rí ní Òṣòdì, tí wọn kò nílé. Bí oòrùn bá yẹ̀, àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ láti Èjìgbò àti Ṣógúnlé máa ń wọlé fún wákàtí méjì láti kọ́ ìwé kíkà, ọṣẹ kì í tíì gbẹ lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ Sátidé, Sístà Albert àti ẹnì kejì rẹ̀ á gbé ìrẹsì àti oògùn lọ sí Òṣòdì. Ibẹ̀ ló ti rí Fàósátù, lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn. Alábàárù ni, iwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti tì ló ń sùn, ẹ̀jẹ̀ sì wà nínú itọ́ rẹ̀.

Ikọ́ ife ni. Wọ́n gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀, ó lo oògùn fún oṣù mẹ́fà, Sístà Albert ló ń dúró tì í láràárọ̀ títí á fi gbé e mì. Ara rẹ̀ le. Ó sanra, wọ́n ní ó tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín jù nínú kíláàsì. Ó kọ́ṣẹ́ aṣọ, ó kọ́ ìwé, nígbà tó yá, òun gan-an ni wọ́n fi sídìí àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ pé kó máa kọ́ wọn ní a, b, d. Ọmọ tí mo ní kó má kàwé, ó di tíṣà. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ti rì í bọmi. Sístà Albert mú mi lọ sí igun kan lẹ́bàá fèrèsé, ẹní ìkírun wà níbẹ̀, ó ní Fàósátù kò pa ìrun jẹ rí, àwọn ni wọ́n ra ẹní náà fún un.

Nígbà tí òjò ọdún tó kọjá bẹ̀rẹ̀, ikọ́ náà padà wá. Dókítà ní èyí tó padà yìí kò gbọ́ ti oògùn àkọ́kọ́ mọ́, wọ́n wá òmíràn, òun náà kò ràn án. Ìgbà tí mo dé, ó dùbúlẹ̀ nínú yàrá tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn aláìsàn, apá rẹ̀ tínrín bí ọ̀pá ẹ̀wà. Wọ́n fún mi ní ìbòmú kí n tó wọlé. Agolo irin gíga kan dúró tì í, igò omi kan wà lára rẹ̀ tó ń hó, mo rò pé tíì ni wọ́n ń sè fún un, mo sì ní kí wọ́n má jẹ́ kó gbóná jù. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ ló wà nínú irin náà, pé wọ́n ń rà á ni. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n gbé e wálé, nítorí pé ní abúlé wa, afẹ́fẹ́ pọ̀, ẹnikẹ́ni kì í tà á. Kò sẹ́ni tó fi mí rẹ́rìn-ín.

Wọ́n tún fún mi ní fọ́ọ̀mù kan kí n fọwọ́ sí i. Ibì kan wà níbẹ̀ tó ń bèèrè irú àjọṣe tó wà láàárín èmi àti aláìsàn. Mo rò ó dáadáa, mo kọ ọ́ pé kò sí ìjà láàárín wa, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́jọ nìyí tí a ti ríra gbẹ̀yìn. Sístà Albert kà á, ó ní kí n kàn kọ “bàbá” síbẹ̀, pé ó ti tó.

Lẹ́yìn èyí ló mú fọ́ọ̀mù mìíràn wá, èyí tí Fàósátù fọwọ́ ara rẹ̀ kọ nígbà tó wọ kíláàsì aṣọ rírán. Níbi tí wọ́n ti ní kó kọ orúkọ ẹbí rẹ̀ tó súnmọ́ ọn jù, orúkọ rẹ ló kọ, Gàfárù, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù rẹ. Sístà ní àwọn ti pe nọ́ńbà náà lẹ́ẹ̀mejì kí àwọn tó kọ̀wé sí abúlé, ọkùnrin kan ló ń gbé e, ó ní wọ́n ṣi nọ́ńbà. Mo ní ẹ̀rọ ni. Mo ṣàlàyé fún un pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń gbé ohùn ẹlòmíràn wọ inú fóònù ẹni ẹlẹ́ni, bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gbé èéfín ilé kan wọ ilé kejì. Mo gbà á gbọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ó ní kí a tún pè é lójú mi. Ó tẹ̀ ẹ́, ó sì jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde síta. Orin ló kọ́kọ́ dún, orin kan náà tí èmi máa ń gbọ́ bí mo bá pè ọ́. Lẹ́yìn náà lo gbé e. Sístà kí ọ, ó sọ orúkọ ara rẹ̀, ó ní Fàósátù wà lórí àìsàn tó le, ó ń bèèrè ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, mo ti sọ fún yín. N kò ní àbúrò kankan tó ń jẹ́ Fàósátù.”

Fóònù sì kú. Ẹ̀rọ kò mọ bí a ṣe ń fa ọ̀rọ̀ bí o ṣe fà á yẹn. Èmi ni mo kọ́ ọ ní bàbá, ìyá, omi. Sístà Albert bi mí pé ṣé ohùn ọmọ mi nìyẹn. Mo ní rárá o, n kò mọ ohùn náà rí. Mo fi Kùránì búra fún un, nínú ilé àwọn Àgùdà. Mo ti ń tọrọ àforíjì láti ìgbà náà, n kò mọ̀ bóyá Ọlọ́run ti gbà.

Má rò pé Fàósátù rojọ́ rẹ. Ó ní nígbà tí ara òun yá, òun rán bùbá àti ṣòkòtò kékeré fún Alameen, òun gbé e wá sí ìsọ̀ rẹ ní Aswani, òun sì mú káàdì ilé ìwòsàn dání kí o lè rí i pé ikọ́ náà ti lọ, kò lè ran ọmọ mọ́. Ó ní o kò gba káàdì, o ní kó fi aṣọ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Ìgbà kejì tó wá, o ní kí wọ́n sọ fún un pé o kò sí, ó sì ń wo ẹsẹ̀ rẹ lábẹ́ aṣọ tí o fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ó ní ẹ̀rù ọmọ rẹ ló bà ọ́, òun náà á ṣe bẹ́ẹ̀ bí òun bá bímọ. Ó ní kí n má bá ọ wí. N kò bá ọ wí, Gàfárù. Èmi ni mo kọ́kọ́ fi hàn ọ́ pé a lè fi ti Fàósátù sílẹ̀ kí tìrẹ lè dára.

Lójoojúmọ́ ló ń bi mí pé ṣé ẹ̀gbọ́n òun ń bọ̀. Mo ní o lọ ra ọjà ní Kánò, ọjọ́ Jímọ̀ lo máa dé. Mo kàn mú ọjọ́ kan ni. N kò mọ̀ pé yóò máa kà á. Lọ́jọ́ Àtàláátà ó ní ó ku ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́rú kò lè sọ̀rọ̀, ó na ìka méjì sí mi. Ọjọ́ Alàámísì, bí wọ́n ṣe ń pe ìrun ọ̀sán, ó kú. Èmi ni mo di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú, Sístà Albert di tòsì mú, ó ń gba àdúà tirẹ̀ lábẹ́ ẹnu, mo ń gba tèmi.

Wọn kò ṣe é bíi tiwọn. Sístà Albert fúnra rẹ̀ ló sáré lọ pe Alhaja Memunat, àgbàlagbà kan ní Aswani tó máa ń fún wọn ní àjákù aṣọ fún kíláàsì wọn. Ó mú obìnrin méjì wá, wọ́n wẹ̀ ẹ́. Mọ́dà ra aṣọ funfun. Àwọn ọmọ kíláàsì ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn rán an, Alhaja ní abẹ́rẹ́ kì í kan aṣọ òkú Mùsùlùmí. Nǹkan bí ọgbọ̀n ọmọ tí wọn kò kọ́ iṣẹ́ mìíràn, wọ́n dúró, wọ́n ká ọwọ́ gbera. Kí oòrùn tó wọ̀, a ti sin ín. Àwọn sístà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ibojì, wọn kò wọlé, wọ́n ní àwọn kò mọ̀ bóyá àwọn lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Èmi ni mo lọ mú Sístà Albert lọ́wọ́ wọlé, ẹnikẹ́ni kò sì bá mi jà.

Nígbà tí a ń bọ̀, Alhaja Memunat ń wo ojú mi. Ó ní mo jọ ọkùnrin kan tí ìsọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí tòun. Mo ní ènìyàn a máa jọra. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Láti géètì àwọn sístà sí Aswani, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn ín. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi wà níbẹ̀ tí n kò wá. Kì í ṣe ìbínú. Ẹ̀rù ló bà mí pé bí mo bá dé iwájú rẹ, wàá wò mí lójú láàárín àwọn oníbàárà rẹ, wàá ní o kò mọ̀ mí.

Mo dé ilé lálẹ́ Jímọ̀, ọ̀sẹ̀ méjì òní. Ìyá rẹ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kí n tó sọ ẹrù kalẹ̀ ló ti bèèrè pé báwo ni Fàósátù. Gàfárù, ẹnu mi kọ̀. Mo ní ó wà lọ́dọ̀ àwọn obìnrin dáadáa kan, ó mọ aṣọ rán, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé, ó ń bọ̀ wá ṣọdún Iléyá. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀ àfi èyí tó gbẹ̀yìn. Láti ìgbà náà ló ti ń gbá yàrá Fàósátù. Ó ti sá tìmùtìmù rẹ̀. Lánàá ó lọ yá ẹ̀rọ ìránṣọ àtijọ́ tí ìyá Súnkànmí kò lò mọ́, ó ń fi òróró nu ìpẹtà rẹ̀, ó ní kí ọmọ náà má baà jókòó lásán ní gbogbo ọjọ́ ọdún.

Mo mọ̀ pé bàbá kì í kọ̀wé sí ọmọ Èkó kó má tọrọ owó, èmi náà ń tọrọ. Fídáù ọjọ́ kẹjọ ti kọjá, èmi nìkan ni mo ṣe é lóko, mo fi àkàrà sàárà fún àwọn Fúlàní tó ń kọjá. Ti ogójì ọjọ́ ń bọ̀, owó rẹ̀ ni mo fẹ́. Tíṣà ní o lè fi owó sí báǹkì ní Èkó, kí ẹ̀rọ kan ní Ìsẹ́yìn pọ̀ ọ́ jáde fún mi. Má ṣe bẹ́ẹ̀. Owó tí ẹ̀rọ bá pọ̀, n kò ní lò ó fún èyí. Mú un wá fúnra rẹ, bí kò bá tiẹ̀ sówó, mú ara rẹ wá.

Bí o bá dé, má kọ́kọ́ wọlé. Yà sí oko, èmi á wà níbẹ̀ lójoojúmọ́ títí o ó fi dé. A ó jọ wọlé. Èmi ni màá sọ fún ìyá rẹ pé Fàósátù ti kú, n kò sọ pé kí o sọ èyíkéyìí nínú tìrẹ, ìyẹn wà láàárín ìwọ àti Ọlọ́run rẹ. Ohun tí mo ń fẹ́ ni kí o jókòó ti ìyá rẹ lápá kejì, nítorí nígbà tí mo bá sọ ọ́, apá mi nìkan kò ní ká a láti gbé e dúró.

Ọlọ́run tó gba ọ̀kan kó fi èyí tó kù sílẹ̀ fún mi. Kó dá Salimat sí, kó dá Alameen sí, kó sì fún un ní àbúrò. Àdúà tí mo ń gbà fún Alameen lónìí ni pé, lọ́jọ́ tí wọ́n bá pè é pé àbúrò rẹ̀ ń bèèrè rẹ̀, kó dáhùn.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ìdrís.